Èéfín Ọdẹ́níran Ọlọ́yin

"Èéfín tó tu oyin nínú ló bí agbọ́n nínú." Ẹ máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń mu omi, ẹ kì í bi ara yín léèrè bí èéfín kan ṣoṣo ṣe lè ṣe iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ibi tó ti ṣẹ̀.

Ọlọ́yin ni Ọdẹ́níran. Bó bá ti fi ògùṣọ̀ rú èéfín sí ihò igi, oyin a dákẹ́, òun a sì fi ọwọ́ lásán bu afárá bí ẹni bu ẹ̀bà. Bó ṣe gbà nìyẹn pé ọ̀gá gbogbo kòkòrò tó ń ta ni òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀, Ṣẹ́gilọlá, rí ìtẹ́ agbọ́n lábẹ́ òrùlé abà wọn lóko. Inú abà yẹn gan-an ni Ìbídùn ń sùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ẹkún bẹ̀bẹ̀ bí. Ọdẹ́níran nawọ́ sí ògùṣọ̀.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọmọ jáde."

"Má jí i. Orí agbọ́n dà, tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ? Ohun tí oyin gbọ́, òun náà á gbọ́ ọ."

Ó rú èéfín sí i. Agbọ́n ya bo gbogbo abà. Ọlọ́yin sọ ògùṣọ̀ nù, ó sá wọgbó. Ṣẹ́gilọlá ló wọlé, tó fi ìró bo ọmọ, tó sì gbé e jáde.

Ojú Ìbídùn wú, kò là mọ́. Nígbà tí Ọdẹ́níran padà jáde láti inú igbó, àwọn méjèèjì jókòó tì í. Bí èémí rẹ̀ bá dá díẹ̀, tiwọn náà a dá.

"Kí ló dé tí wọn ò dákẹ́?" Ṣẹ́gilọlá béèrè.

Ọdẹ́níran ò gbójú sókè. "Bí oyin bá gbóòórùn èéfín, ohun tí ọpọlọ rẹ̀ kékeré ń sọ fún un ni pé iná dé, kó mu oyin rẹ̀ yó kó tó sá. Ẹni tó yó kì í tètè jà. Agbọ́n ò ní oyin tó fẹ́ kó sá. Ọmọ nìkan ló ní nínú ìtẹ́."

"Èmi náà ńkọ́? Kí ni mo ní nínú abà yẹn?"

Ọdẹ́níran gbójú sókè wò ó. Ara ìyàwó rẹ̀ wú láti ọrùn dé ẹsẹ̀, agbọ́n kan ò sì kan ara tirẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Ìbídùn la ojú kan, ó ní òun fẹ́ mu omi. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ọdẹ́níran ò fi iṣẹ́ oyin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò tan ògùṣọ̀ síbikíbi mọ́ láì kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ló wà níbẹ̀, kí ló sì ní?" Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀nà kan náà lẹ lè gbà mú gbogbo ènìyàn, ẹ rántí Ìbídùn: èéfín tó tu oyin nínú ló bí agbọ́n nínú.