Ohùn Bàbá Nínú Káàdì

Morádéyọ̀ ahunṣọ kò ní tẹlifíṣọ̀n, kò sì wá a. Ojú ẹni tó ń hun aṣọ òfì kì í ráàyè wo nǹkan mìíràn. Bí ojú bá yẹ̀ díẹ̀, òwú á já, aṣọ á wọ́. Etí nìkan ló ráàyè. Ìyẹn ló mú kí àwọn ahunṣọ àdúgbò Ìdí-Ìyeyè ní Ìsẹ́yìn fẹ́ràn rédíò kékeré tó ń lo káàdì. Wọ́n á so ó kọ́ igi òfì, wọ́n á sì máa gbọ́ wáàsì àti eré orí ìtàgé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ṣàǹgódìran ló ń ṣe káàdì fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé adìẹ lọ, ó sì kọ ọ́ sára pátákó pé: "A ń yọ ohùn kúrò nínú fídíò." Ẹ mú àwo fídíò lọ, á tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, á yọ ohùn inú rẹ̀ sórí káàdì tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àwòrán á sì kù sẹ́yìn. Iṣẹ́ náà ya gbogbo àdúgbò lẹ́nu. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun yọ ohùn ìyàwó òun kúrò nínú ilé.

Lọ́jọ́ kan, Morádéyọ̀ gbé àwo kan wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fi ránṣẹ́ láti Ṣakí. Ọjọ́ tí bàbá wọn pé àádọ́rin ọdún ni wọ́n ya sínú rẹ̀. Morádéyọ̀ kò lọ síbi ìnáwó náà. Iṣẹ́ wà lórí òfì, ẹni tó ni aṣọ ń kánjú, ó sì ní òun á lọ kí bàbá bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kí ọwọ́ tó dilẹ̀, bàbá ti papòdà.

"Dìran, bá mi yọ ohùn inú rẹ̀."

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ wo àwòrán rẹ̀ ni, Mọ̀mí? Kò ní pẹ́ rárá."

"Ohùn ni mo ní."

Ẹ̀rù ojú bàbá rẹ̀ ló ń bà á. Ó rò pé ohùn nìkan á rọrùn láti fara dà. Nígbà tó délé, ó fi gèlè wé àwo náà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é, nítorí ó dá a lójú pé àwo náà ti di odi. Ṣebí wọ́n ti yọ ohùn rẹ̀?

Fún ọjọ́ mélòó kan, inú Morádéyọ̀ dùn. Ó gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ bó ṣe ń fi oríkì kí àlejò, àti bó ṣe ń bá ẹni tó bu ẹran kékeré fún un jà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń hun aṣọ rẹ̀ lọ.

Àfi lọ́jọ́ tó fetí sí ibì kan dáadáa. Ẹni tó ń ya fídíò bi bàbá pé, "Bàbá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Márùn-ún."

"Mẹ́rin là ń rí o, Bàbá."

"Ẹni tí kò wá, kò wá nìyẹn."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohùn mọ́. Mọ́tò kan kùn ní títì. Àga kan han bí ìgbà tí ẹnì kan dìde lórí rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí Morádéyọ̀ fi ju ọkọ̀ òfì tó ń gbé òwú kọjá lẹ́ẹ̀mọkànlá kó tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ padà: "Ẹ máa jẹun, ẹ má wò mí."

Ó mọ bàbá rẹ̀. Bí inú bá ń bí i, kì í pariwo, ńṣe ló máa ń dákẹ́. "Bàbá dì mí sínú lọ sọ́run," ló wí, oúnjẹ sì korò lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ìyẹn ti ń pín oúnjẹ lásìkò náà, kò rí nǹkan kan.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò kúrò nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ta ló dìde lórí àga? Bí inú bá ń bí èèyàn, ṣé àga ló máa ń han? Ó ń gbọ́ ọ, ó ń tún un gbọ́, títí bátìrì fi kú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó fi aṣọ sílẹ̀ láàbọ̀ lórí òfì, ohun tí kò ṣe rí, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù Ṣàǹgódìran lọ.

"Dìran, kí ló wà níbi tí kò ti sí ohùn yìí?"

Ṣàǹgódìran fetí sí i. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Mọ̀mí. Wọn ò sọ̀rọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé wọn ò sọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe?"

Ọkùnrin náà họ orí. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ gbé àwo yẹn wá ká wò ó."

"Kí ló kù níbẹ̀ tá a máa gbọ́? Ṣebí o ti yọ ohùn rẹ̀."

Ṣàǹgódìran rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. "Áà, Mọ̀mí! Tí ẹ bá fọn iná lọ́dọ̀ aládùúgbò yín, ṣé iná tiwọn á kú ni? Ohùn bàbá yín ṣì wà nínú àwo náà digbí."

Ojú ti Morádéyọ̀, ṣùgbọ́n eré ló sá lọ gbé àwo náà wá.

Ṣàǹgódìran tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, àwòrán sì jáde. Bàbá rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti rù díẹ̀. Ẹni tó ń ya fídíò béèrè, bàbá sì dáhùn pé, "Ẹni tí kò wá, kò wá nìyẹn." Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá. Ojú ẹni tí ebi ń pa, tó ń sọ pé òun ti yó, ni. Bí mọ́tò ṣe kùn ní títì, tó sì dúró, bàbá yí ọrùn padà kíá. Ó fọwọ́ ti àga, ó dìde láàbọ̀, ó na ọrùn láti wo ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan tó ru iṣu ló bọ́ sílẹ̀, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bàbá dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó rọra jókòó, ó fi apá agbádá nu ojú. Nígbà tó rí i pé àlejò ń wo òun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ máa jẹun, ẹ má wò mí."

Ṣàǹgódìran dá ẹ̀rọ dúró. "Mọ̀mí, ẹ jókòó."

Morádéyọ̀ kò jókòó. "Etí mi ló parọ́ mọ́ bàbá mi," ló wí. "Mo ní ó ń bínú sí mi. Àṣé ọ̀nà mi ló ń wò!" Ó bú sẹ́kún. Ẹkún náà dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní òwe tí mo fẹ́ pa yìí ti wà kí àwo fídíò tó dé ayé. Kí wọ́n máa sọ tiwọn. Ní Ìdí-Ìyeyè, bí ẹ bá bi àgbà léèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ilé Morádéyọ̀ ni wọ́n á nawọ́ sí, wọ́n á sì wí fún yín pé: ojú lọ̀rọ̀ wà.