Bí Òkè-Ìdẹ̀ra Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dahoro

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó gun òkè, ó sọ̀ lẹ́nu odi ìlú kan, ó bá obìnrin amọ̀kòkò níbẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi. Abọ́sẹ̀dé, gbé orí kúrò léjìká àbúrò rẹ, àlọ́ kì í ṣe ìrọ̀rí."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹranko jọ ń fọn iná lọ́wọ́ ara wọn, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Òkè-Ìdẹ̀ra. Ibẹ̀ ni Àyọ̀ká ń gbé. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ojúọlápé. Orin ni Àyọ̀ká fi ń mọ ìkòkò. Bí orin bá yí, ọwọ́ rẹ̀ a yí. Bí orin bá rọ̀, amọ̀ náà a rọ̀.

Ẹfọ̀n ni ọba ìlú náà. Òun àti Àyọ̀ká jọ ṣeré nínú amọ̀ nígbà èwe. Kì í ṣe òǹrorò rárá. Ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ bí ẹyin ojú.

"Kí ló wá ṣe, Ìyá Àgbà?"

"Ìfẹ́ náà ló pọ̀ tó fi fẹ́ẹ́ fún un lọ́rùn pa."

Ní ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ kan, Ẹfọ̀n ní kí olúkúlùkù dá owó kànga. Wọ́n dá a tẹ̀rín-tẹ̀rín. Omi ru jáde, ó tutù, ó mọ́ gaara. Gbogbo ìlú jó. Ijó yẹn ló kó sí ọba lórí. Ó ní, "Bí owó kan ṣoṣo bá mú wọn jó báyìí, bí mo bá gba mẹ́wàá ńkọ́?"

Ni Àkùkọ, akéde ọba, bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéde káàkiri. Owó èéfín dé: ẹni tó bá dáná, kó san án. Owó ibòji dé: ẹni tó bá jókòó sábẹ́ igi, kó san án. Ẹni tó bá fẹ́ tún òrùlé ara rẹ̀ ṣe, kó lọ tọrọ àyè láàfin.

"Ibòji náà, Ìyá Àgbà?"

"Ibòji náà, ọmọ mi!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ kó ẹrù. Ó ní, "Ẹ̀mí tó ń gbé orí igi, ibo ni yóò ti bọ́ lọ́wọ́ ibòji?" Àwọn ahunṣọ tẹ̀lé e. Ojúọlápé àti ọkọ rẹ̀ náà di ẹrù tiwọn, wọ́n fẹ́ sọdá sí òdì-kejì odò.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Ẹ máa lọ, ọmọ mi. Ibí ni bàbá rẹ sùn sí. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa gbá ojú oórì rẹ̀?"

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ̀yìn wọn fi wọ igbó.

Kò pẹ́, Àkùkọ tún dé, ó dorí kodò. "Ìyá Ojúọlápé, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọrin mọ́ láìgba àṣẹ."

"Àkùkọ, èmi náà?"

"Èmi gan-an, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọ mọ́ kí Kábíyèsí tó jí."

Àyọ̀ká lọ tọrọ àyè láàfin. Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó títí oòrùn fi wọ̀, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Nígbà tó fi délé, amọ̀ rẹ̀ ti gan bí òkúta. Láti ìgbà náà ló ti ń pa ẹnu mọ́ mọ ìkòkò. Ìkòkò ń wọ́. Ọrùn wọn ń tẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó gbá ojú oórì ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Olówó orí mi, ẹ forí jì mí. Inú mi ń kú lọ lójú ara mi." Ó di ẹrù.

Lẹ́nu odi, Ìjímèrè oníbodè na ọwọ́ sí i. "Owó ìjáde dà?"

"Owó kí ni?"

"Kábíyèsí ní èèyàn ń lọ jù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó sanwó."

Inú bí Àyọ̀ká títí ó fi gbàgbé òfin. Orin bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbè é!

*Mo fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ mi wúwo,*
— Tẹ̀ẹ́rẹ́ o, tẹ̀rẹ̀.
*Ilé mi dùn, òfin ló korò,*
— Tẹ̀ẹ́rẹ́ o, tẹ̀rẹ̀.
*Wọn ò jẹ́ n gbé, wọn ò jẹ́ n lọ,*
— Tẹ̀ẹ́rẹ́ o, tẹ̀rẹ̀.

Àṣé ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Àkùkọ ti kó àwọn ìyàwó rẹ̀, ó ti fò fẹ̀rẹ̀ gba orí odi lọ. Ẹfọ̀n jí, kò gbọ́ ohùn kankan. Ó jáde, ó ń wọ ojúlé dé ojúlé. Koríko ti hù lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò kí i ní Kábíyèsí. Orin yìí nìkan ló gbọ́, ó sáré tẹ̀lé e.

"Àyọ̀ká, ìwọ náà?"

"Kí Kábíyèsí pẹ́. Èmi náà ni."

"Ṣé n kò wá omi fún yín ni?"

"Ẹ wá a. A mu ún, a sì súre fún yín. Owó kànga ò dùn wá, torí a rí ohun tó ṣe. Àmọ́ owó ibòji, kí ni ẹ fi rà? Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé orin ni mo fi ń mí."

Ọba wolẹ̀. "Mo rò pé bí mo bá di ìlú mú dáadáa, kò ní bọ́ ni."

"Omi ni ìlú, Kábíyèsí. Àtẹ́lẹwọ́ là ń fi bù ú. Ẹni tó bá di ìkúùkù sí i, òùngbẹ ni yóò pa á."

Ẹfọ̀n kọjú sí oníbodè. Ó ní kí Ìjímèrè ṣí ibodè. Ó ní èéfín, ibòji, orin àti ìjáde, owó wọn ti parí, òfin wọn ti parí. "Dúró o, Àyọ̀ká."

"N óò lọ wo ọmọ mi ná. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ṣẹ, n óò gbọ́."

Ó lọ. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó gbọ́ pé àwọn èèyàn tún ti ń ta ayò lábẹ́ igi. Ó padà sílé. Àkùkọ náà padà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò padà mọ́ o, igbó ti mọ́ ọn lára. Ojúọlápé pẹ̀lú ti kọ́lé sí òdì-kejì, kò lè kó padà wá. Ìyẹn dun ìyá rẹ̀ púpọ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ẹfọ̀n wá bá a nídìí amọ̀, ó jókòó sílẹ̀. "Àyọ̀ká, mo ń ro afárá sórí odò. Mo fẹ́ kọ́kọ́ bi ìlú léèrè ni."

Ìlú pé. Wọ́n jiyàn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Ta ló kọ́kọ́ san owó afárá?

"Àyọ̀ká ni!"

Ọjọ́ tí afárá parí, àwọn ọmọ Ojúọlápé ló kọ́kọ́ sáré gorí rẹ̀, wọ́n ń ké "Màmá Àgbà! Màmá Àgbà!" Àyọ̀ká ò rántí fọ ọwọ́. Ó gbá wọn mọ́ra tamọ̀-tamọ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé owó ìlú dára bí a bá rí iṣẹ́ tó ṣe, tí a sì bi ẹni tó ń san án léèrè. Òfin tó bá gba ayọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀nà àtilọ ló ń là fún un.

"Ibí ni mo so àlọ́ mi mọ́lẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí n jẹ iyọ̀ kí n má mọ adùn rẹ̀. Bí n kò bá fi irọ́ lú u, ẹ pàtẹ́wọ́ kan fún mi, kí ẹ dìde lọ sùn."

Pàà!