Omi Tí Bàbá Múnírù Mu

Bàbá Múnírù gun ẹṣin ṣáájú àwọn ẹbí rẹ̀ nínú àfonífojì aṣálẹ̀ kan. Ó kìlọ̀ fún wọn pé: "Kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kan omi títí a ó fi pàgọ́ o!"

Nígbà tí oòrùn mú, ó yà sẹ́yìn àpáta, ó gbé kèrègbè sẹ́nu. Wọ́n rí omi tó ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀, làwọn náà bá mu tiwọn gbẹ.

Wọ́n pàgọ́ tán, kò sí omi tí wọn ó fi ro tùwó.

Bàbá Múnírù jágbe mọ́ wọn: "Ta ló ní kí ẹ mu ún?"

Sìfáwù ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Bàbá Múnírù, ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré."

Ó kó gbogbo kèrègbè, ó gun ẹṣin padà sí kànga tí wọ́n ti pọn omi láàárọ̀. Ó ń wẹ̀yìn títí, ẹnì kankan ò tẹ̀lé e.