Ọmọ Ogún Ọdún Lẹ́yìn Ìyá Rẹ̀

"Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n." Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Ìyá kan ló pọ̀n ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún yí ọjà ká lójú gbogbo ìlú. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn máa ń ní àfiwé lásán ni. Kì í ṣe àfiwé. Ọ̀já ló fi dè é mọ́ ẹ̀yìn.

Ní Òkè-Ẹlú ló ti ṣẹlẹ̀. Aláró ni Àwẹ̀ró, ọkọ rẹ̀ ti kú, Àjàgbé nìkan ló sì bí. Ọmọ náà dára. Òun ló ń pọnmi sínú ìkòkò aró fún ìyá rẹ̀. Ojo ni pẹ̀lú. Bí àkùkọ bá kọjú sí i, yóò yà fún un. Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní abà adẹ́mu kan, níbi tí wọ́n ti ń rẹ èso gègemu sínú ẹmu. Ẹni tó bá mu gègemu, orí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ń mu ún bọ̀ láti àárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta ló lè mú àgbò Baálẹ̀ wá, ká fi panu?"

Ká ní ojú Àjàgbé dá ni, ilé ni ì bá gbà lọ. Ó ní, "Èmi ni."

Ó wọ agboolé Baálẹ̀, ó tú àgbò, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó sì gba àárín ọjà jáde lọ́sàn-án gangan. Ó dá a lójú pé ẹnikẹ́ni kò rí òun.

Ìyá ẹlẹ́pà kan ní, "Àjàgbé, ibo lò ń gbé àgbò Baálẹ̀ lọ?"

"Ẹ kú ọjà, ìyá. Kì í ṣe èmi o."

Bí wọ́n ti pariwo, ó sáré, ó já sí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán.

Òfin ìlú ni pé kí olè yí ọjà ká lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n máa da eérú sí i lórí. Èyí tí kò bá yí i, wọ́n á lé e nílùú títí láé. Àjàgbé kò lè dìde. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ káwọ́ sẹ́yìn.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, ṣé àwa la bí i? Ìwọ tó bí ọmọ ọ̀ràn, pọ̀n ọ́n."

Àwẹ̀ró tú ọ̀já, ó bẹ̀rẹ̀. "Gùn mí, òpònú." Ó sì dè é mọ́ ẹ̀yìn.

"Ìyá mi, ẹ sọ̀ mí. Mo wúwo."

"Inú mi lo kọ́kọ́ ti wúwo. Dákẹ́, di ọrùn mi mú."

Àwọn tó bu eérú dání kò rí ibi tí wọn yóò dà á sí, nítorí orí ìyá wà lábẹ́ orí ọmọ. Ní ìyípo kẹta, orúnkún ló fi ń rìn. Ó parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ bá dáràn, tí ará ilé sì yẹra, àwọn àgbà a sọ fún òbí rẹ̀ pé: "Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n." Àjàgbé kò mu gègemu mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jinná. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni kò jinná. Aláró tí kò lè bẹ̀rẹ̀ kò lè rẹ aṣọ. Aró Àwẹ̀ró kú sínú ìkòkò, kò sì po òmíràn mọ́ láyé rẹ̀.