Iná Tó Wà Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́

"Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná." Ta ni kì í pa òwe yìí? Àní àwọn tí kò fojú kan iná aṣọ rí ń pa á, wọ́n á sì máa mi orí bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti wá, ẹnu wọn á wọhò. Ẹ̀yin ńkọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ìlú wa ló ti wá, Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́. Àwọn ìlú kan ń sọ pé tiwọn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí, èmi ní ẹ̀rí.

Láyé ìjọ́un, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà lẹ́bàá odi ìlú wa. Yàrá mẹ́ta péré ni, àwọn tó wà níbẹ̀ sì lé ní ọgbọ̀n. Lọ́dún kan tí ọ̀dá mú gan-an, ibà kan wọ inú ọgbà náà. Yóò bẹ̀rẹ̀ bí eré, orí á máa fọ́ ènìyàn, ara á gbóná, nǹkan pupa á sú sí i láyà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ti gbé e jáde. Èèyàn mẹ́rin kú láàárín oṣù kan. Ṣógbèsan, ọ̀gá àwọn wọ́dà, ṣe ìwọ̀n tó mọ̀: ó ní kí wọ́n fọ ilẹ̀, ó ní kí wọ́n se àgbo. Ibà á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún gbérí. Àwọn ará ìlú ní èrè ọ̀ràn tí wọ́n dá ni wọ́n ń jẹ.

Ládòkun wà lára wọn. Ìjà ààlà oko ló gbé e débẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ni alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ àwọn wọ́dà; omi híhó ló sì fi ń se é kó tó gbo ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó kó aṣọ fífọ̀ wá, wọ́n jẹ́ kó yọjú sí ọkọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Ládòkun na ọwọ́ sí i. Gbogbo èékánná rẹ̀ ló pọ́n.

"Bàbá Ìgè, kí ló ṣe yín léèékánná?"

"Iná aṣọ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wa ni mò ń pa. Bí mo bá pa ogún láàárọ̀, ogójì á ti dé kó tó di ọ̀sán." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Orí ti ń fọ́ mi láti àná, Ìyá Ìgè."

Àwẹ̀ró mọ bí ibà náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe obìnrin tí ẹkún ń dí lọ́wọ́ ìrònú. Agbọ̀n aṣọ àwọn wọ́dà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí. Inú ọgbà kan náà ni wọ́dà àti ẹlẹ́wọ̀n wà, omi kànga kan náà ni wọ́n ń mu, síbẹ̀ ibà náà kò tíì mú wọ́dà kankan. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀ bí kò ṣe aṣọ tí òun ń sè? Ọ̀dọ̀ Ṣógbèsan ló gbà lọ tààrà.

"Ọ̀gá, iná aṣọ ló ń gbé ibà yìí kiri. Ẹ jẹ́ ká se aṣọ wọn."

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa á."

"Bí iná kò bá tán láṣọ, ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná."

Ṣógbèsan kanra mọ́ ọn. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ni ẹlẹ́wọ̀n ní, ṣé ìhòòhò ni kí wọ́n wà? Kànga ọgbà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. "Lọ wá omi àti aṣọ, kó o tó wá kọ́ mi níṣẹ́."

Àwẹ̀ró kò bá a jiyàn. Ó padà sójú fèrèsé, ó gba ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó fi igi gbé e jáde. Nígbà tó dé oríta, ó figbe ta: "Iná o! Iná wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n o!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ará ìlú gbọ́. Ta ló ń fi iná ṣeré nígbà ọ̀dá? Wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n gbé agbè, ìyá arúgbó kan tilẹ̀ gbé omi tó fẹ́ fi rokà wá. Wọ́n sáré dé ẹnu ọgbà, wọn ò rí èéfín. Inú bí wọn. Ẹnì kan ní kí wọ́n ti Àwẹ̀ró mọ́lé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

Àwẹ̀ró na ẹ̀wù náà sí wọn lójú, iná ń rìn gbùrù lára rẹ̀. "Ṣé iná kọ́ lèyí? Ó ti pa èèyàn mẹ́rin. Àwọn wọ́dà tó ń ṣọ́ wọn ń wá sí ọjà yín, wọ́n ń jókòó tì yín. Ṣé ògiri yìí ni yóò dá a dúró?"

Ìyá arúgbó yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Omi tèmi kúkú ti dé ná."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn aláró gbé ìkòkò aró wọn wá. Àwọn obìnrin tú ìborùn fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n láti ró. Ẹ wo ọ̀daràn paraku tó ró ìborùn ìyàwó oníyàwó, tó jókòó jẹ́ẹ́ bí ìyàwó tuntun! Ṣógbèsan fúnra rẹ̀ ló dá iná sábẹ́ ìkòkò, mo yìn ín fún ìyẹn. Wọ́n se aṣọ, wọ́n se ẹní, wọ́n fá orí. Lọ́jọ́ kẹjọ wọ́n tún un ṣe, nítorí ẹyin iná tó lè ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó figbe ta kí ìlú tó gbé omi wá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú mi yangàn díẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ibà dá Ládòkun dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, ó ní kí wọ́n fún òun lẹ́kọ. Ibà náà kò mú ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, Àwẹ̀ró kò kọ́kọ́ kí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbà, ó wo èékánná rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ́ tónítóní. Títí tó fi darúgbó ni wọ́n ń bi í bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ tan ìlú jẹ ni. Èsì rẹ̀ kò yí padà: òun pe iná ní iná.

Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń fi ojoojúmọ́ nu ojú wàhálà, tí kò wá ohun tó ń bí i kó sì fà á tu, àwọn àgbà á sọ fún un pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo sì ní mo ní ẹ̀rí, àbí? Lọ́dún kejì tí Ládòkun jáde ni Àwẹ̀ró bí ìyá mi. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ẹ̀rí.