Ehoro àti Eré Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta

Àlọ́ o! Ẹ dáhùn kí òṣùpá gbọ́!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi sáré títí, ó bá Ehoro lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ẹranko fi sáré ìje láti mọ ẹni tí ọba yóò fi ṣe ìránṣẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, Ehoro ló ṣáájú. Ó jó títí ilẹ̀ fi ṣú, kò jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, Ẹkùn àti àwọn yòókù kọjá rẹ̀, ó gbẹ̀yìn, ó bú sẹ́kún.

Òkété, ìyá àgbà, gbé ẹ̀wà àti ẹ̀pà sísè wá fún un. “Ọmọ mi, eré a máa ya iṣan, oúnjẹ ló ń rán an. Jẹun, kí o sùn.”

“Ẹ ṣé, ìyá.” Ehoro jẹun yó, ó sì sùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ bá mi gbè é:
Ehoro dà?
Ó ti kọjá!
Ẹkùn dà?
Ó ṣì ń bọ̀!

Kí ọba tó jókòó, Ehoro ti dé, ọba sì fi í ṣe ìránṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ sáré lónìí, ta ni kò tíì jẹun?