Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti Ìdínkù Àwọn Ẹran Tó Já Okùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ pa ẹnu mọ́, àlọ́ dé. Àlọ́ mi rìn, rìn, rìn, ó kọjá ibi tí igi ti ń hù, ó kọjá ibi tí koríko ti ń hù, ó dé aṣálẹ̀, ó wá jókòó ti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ jẹ ọ̀rá. Kì í ṣe ọ̀rá eku tàbí ti alángbá tó ń jẹ lójoojúmọ́ o, ọ̀rá inú iké Ràkúnmí ni. Bí Ràkúnmí bá ti ń kọjá, tí iké yẹn ń mì lẹ́yìn rẹ̀, itọ́ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á máa dà ṣùrùṣùrù. Ṣùgbọ́n Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ga dé orúnkún Ràkúnmí. Bó bá tilẹ̀ fò mọ́ ọn, Ràkúnmí á rò pé eṣinṣin ló bà lé òun. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ohun tí eyín ò bá ká, ẹnu á ká a."

Kòtò omi kan ṣoṣo ló wà ní aṣálẹ̀ náà, Kìnnìún sì ni ọba ibẹ̀. Àwọn mẹ́ta kan wà tí wọn kì í ṣe ọmọ ibẹ̀: Ràkúnmí, Òbúkọ, àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àgbà tí gbogbo ẹranko ń pè ní Ìyá. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò iyọ̀ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹrù pọ̀ jù, wọ́n já okùn, wọ́n sá wọ aṣálẹ̀. Láràárọ̀ ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ máa ń fi pátákò wa yanrìn kúrò nínú kòtò omi kí àwọn yòókù tó jí. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, torí wọ́n rò pé bí omi ṣe ń rí nìyẹn.

Lọ́dún yẹn, ọ̀dá dá. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá gba ààfin lọ, ó dọ̀bálẹ̀ títí yanrìn fi wọ̀ ọ́ nímú.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Omi ń tán o."

"Mo rí i," ni Kìnnìún wí.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń mu ún?"

"Gbogbo wa ni."

"Háà, inú yín mà dára o! Àwọn tó já okùn nílé èèyàn ni. Bí Ràkúnmí bá tẹnu bọ omi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kòtò ń ké gbàmí. Mi ò ní kí ẹ pa wọ́n o. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ pípa. Kí ẹ kàn dín wọn kù ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń dín ẹran kù?"

"Ẹ óò bù wọ́n jẹ lọ́rùn, Kábíyèsí. Wọ́n á sì dín."

Kìnnìún rò ó. Ebi ń pa òun náà, ọ̀rọ̀ tó bá sì bá ikùn mu kì í pẹ́ kó tó yé ọba. Lójú ẹsẹ̀, ó fi Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ Olóyè Ìdínkù. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní òun ò gba nǹkan kan, ìlú lòun ń ṣiṣẹ́ fún. Bí wọ́n bá ṣáà ti lè máa fi ibi tó lọ́ràá sílẹ̀ fún òun, ó tán.

"Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀?" ni ọba béèrè.

"Ẹran tó bá ti gbé ilé èèyàn rí, ìpè èèyàn ti wọ̀ ọ́ lára. Bó bá gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti dáhùn kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ọmọ aṣálẹ̀ kì í dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ lóhùn."

Ọba sọ ọ́ di òfin: ẹranko tó bá dá ìpè èèyàn lóhùn, dídín ni.

Òbúkọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí àkúfọ́ igbá kan, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Òbúkọ wà níbi tó ti ń fọ́nnu fún àwọn ìgalà pé, "Èmi? Kí n tún padà sílé èèyàn? Láéláé, n ò ní..." Kò parí rẹ̀. Ó sáré dé pẹ̀lú irùngbọ̀n tó ń mì, ó ní, "Ọkà bàbà dà?" Kó tó rí i pé òkúta ni, Kìnnìún ti dín in kù. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ ọ̀rá ikùn rẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó sì nu ojú pẹ̀lú. Ó ní, "Iṣẹ́ ìlú mà le o."

Ẹ̀rù ba Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti Ràkúnmí, wọ́n sá lọ sẹ́yìn òkìtì yanrìn. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń wa kòtò mọ́, yanrìn bo omi. Àwọn ẹranko figbe ta pé omi ti dín sí i.

"Ẹ ò rí ìwà ìkà!" ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí. "Wọn ò sí níbí, síbẹ̀ wọ́n ń mu ún."

Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n ní òótọ́ ni Olóyè sọ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pé ọba ti dárí jì wọ́n, kí wọ́n wá sí ìpàdé àlàáfíà. Òùngbẹ ti ń gbẹ wọ́n, wọ́n bá wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró níwájú ọba ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yọ́ bọ́ sẹ́yìn Ràkúnmí, ó yí ohùn padà bíi ti oníṣòwò iyọ̀ tó fẹ́ di ẹrù, ó pariwo pé, "Kúnlẹ̀!"

Ràkúnmí ká orúnkún lulẹ̀, gbàà! Ó di ojú, ó ń retí ẹrù. Ìgbà tí ẹrù kò dé ló tó rántí ibi tó wà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "orúnkún mi ló ṣe é, èmi kọ́."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti fò sórí iké, ó ń wo ibi tí òun á ti kọ́kọ́ gé e. Kìnnìún ti la ẹnu. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá bọ́ síwájú.

"Kábíyèsí, èmi náà já okùn, mi ò sẹ́. Bí ẹ bá dín Ràkúnmí kù, ẹ dín èmi náà kù. Ṣùgbọ́n òfin yìí, ṣé ti àwa méjì nìkan ni, àbí ti gbogbo ẹranko?"

"Ti gbogbo ẹranko ni, Ìyá."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n pe ìpè kan péré."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí iké. "Ẹ jẹ́ kó pè é! Ọmọ aṣálẹ̀ pọ́ńbélé lèmi, baba mi ò mọ òórùn èèyàn."

Oòrùn ń wọ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dá orin:

*Adìẹ ọlọ́ràá, ẹ wálé o,*
*Àgbàdo délẹ̀.*
*Àkùkọ gàgàrà, ẹ wálé o,*
*Àgbàdo délẹ̀.*
*Òròmọ wẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wálé o,*
*Àgbàdo délẹ̀.*
*Ilẹ̀ ti ń ṣú, ilẹ̀kùn ò tíì tì,*
*Àgbàdo délẹ̀.*

Nígbà tó dárúkọ adìẹ, etí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nà. Nígbà tó dárúkọ àkùkọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di imú. Nígbà tó kan òròmọ, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iké láìmọ̀. Nígbà tí Ìyá wá ní ilẹ̀kùn ò tíì tì, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò sí láyé yìí mọ́. Ó fi ikùn lélẹ̀, ó ń wọ́, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ ọba kọjá, ó gba abẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jáde, ó gbé orí sókè, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Wọ́n dà? Èwo ló sanra jù níbẹ̀?"

Gbogbo ẹranko yíjú sí i.

"Àwọn wo, Olóyè?" ni Kìnnìún béèrè.

"Kábíyèsí... mo fẹ́ mú àwọn adìẹ náà wá fún yín ni. Àwọn náà ń mu omi."

"Ìyàwó ọ̀gá mi ló máa ń kọ orin yẹn kó tó ti ilé adìẹ," ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wí. "Bó bá kọ ọ́ tán, mo máa ń rí ojú méjì tó ń tàn lẹ́yìn ọgbà. Àwa gbé ilé èèyàn, a fi ẹ̀yìn ru iyọ̀. Ìwọ náà gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ wo lo ṣe?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọba. "Kábíyèsí, ẹ ò ní pa mí, àbí?"

"Pípa kẹ̀?" ni ọba wí. "Ẹnu mi kọ́ lo ti máa gbọ́ ọ."

Ó gbá a ní etí méjèèjì mú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń fà, ọba ń fà, etí ń gùn. Yanrìn kó sí Kìnnìún nímú, ó sín, ọwọ́ rẹ̀ já, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì sá wọ ihò. Ọba fagi lé òfin ìpè náà, ó sì pàṣẹ pé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó bá tún fẹsẹ̀ kan ẹ̀bá omi, dídín ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa yanrìn kúrò, omi sun. Kìnnìún ló kọ́kọ́ mu, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọba ni. Òbúkọ tí ì bá gbà á kò sì sí nílé.

Ìdí nìyẹn tí etí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ aṣálẹ̀ fi tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, tó ń gbé inú ihò lọ́sàn-án, tí kì í dé ibi omi, tó jẹ́ ìrì ara òkúta ló ń lá. Láti inú ihò yẹn, etí ńlá náà ń gbọ́ ọ, gburu, gburu, bí Ràkúnmí ṣe ń mumi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin tí wọ́n á fi pa ẹran, kó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ dáadáa bóyá òun náà kì í ṣe ẹran. Ibi tí mo bá àlọ́ yìí dé nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ mí. Ta ni yóò bu omi wá?